Òjé inú Ọkọ̀ Ken Tyrrell

Àpò pure water méjì ló sọ mí di ẹni tó mọ Ken Tyrrell.

Ní sáà tó kọjá, nígbà tí a ń múra sílẹ̀ fún ìdíje ọkọ̀ àfọwọ́ṣe tí àwọn kíláàsì ẹ̀ka wa máa ń bá ara wọn ṣe, a gbé ọkọ̀ tiwa gun òṣùwọ̀n, a sì rí i pé ó fi kílò 19 dín sí iye tí òfin ìdíje béèrè. Ẹ wò ó, oṣù méjì gbáko la fi gé irin kúrò lára ọkọ̀ yẹn. A lu ihò síbi tó yẹ, a lu ihò síbi tí kò yẹ. A tún wá lọ mú ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ nínú wa ṣe awakọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ wá fúyẹ́ tán, ó fúyẹ́ jù.

Ọ̀kan nínú wa dá àbá kan. Àpò pure water kan tó nǹkan bíi kílò 10. Ká gbé méjì sẹ́yìn ìjókòó, ká gun òṣùwọ̀n, ká gba òǹtẹ̀. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ máa fi ìṣó gún ọ̀rá omi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi á dà sílẹ̀, oòrùn Ìlọrin á sì ti lá a gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Kò kúkú sí ibi tí òfin ti sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, torí a rí i pé ó lè ṣiṣẹ́.

Alhaji tó ń bójú tó wọ́kíṣọ́ọ̀pù wa ti ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà. Wọn ò bá wa wí. Wọ́n kàn bi wá bóyá a mọ ohun tí ojú Tyrrell rí lẹ́yìn eré Detroit ní 1984, wọ́n sì bọ́ síta lọ kírun Alaásárì. Kò sí ìkankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ọkùnrin náà, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Robert Kenneth Tyrrell ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1924 ni wọ́n bí i, ní East Horsley, abúlé kan ní agbègbè Surrey ní gúúsù ilẹ̀ England. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, ó padà sílé, òun àti arákùnrin rẹ̀ sì ń ta pákó. Ẹni tó bá ti gba Sawmill kọjá nílùú yìí mọ irú òwò tí mò ń sọ: eruku igi, ariwo ayùn, àti oníbàárà tó fẹ́ kó o bu owó kúrò kó tó wo ojú igi. Mo rò pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń ná kọ́bọ̀ kan bí ẹni ń ná náírà, torí ọgbọ́n yẹn kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ní 1952 ó ra ọkọ̀ ìdíje kékeré kan, Cooper tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì alùpùpù Norton 500cc sí lẹ́yìn, ó sì ń fi í sáré. Ní 1958 ó gòkè sí Formula 2. Kò burú, ó tilẹ̀ ń borí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní 1959 ó ṣe ohun kan tó máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa: ó wo ara rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé òun kì í ṣe awakọ̀ tó lè dé òkè téńté, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò kúrò nídìí eré o. Ó kàn gbé ọkọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n wà jù ú lọ. Àgọ́ tí wọ́n ń kó igi sí nínú ọgbà pákó wọn ni ó sọ di wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Láti inú àgọ́ igi yẹn ni ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti jáde. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí a ń ráhùn pé wọ́kíṣọ́ọ̀pù wa ti gbó, mo máa ń rántí àgọ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ń ráhùn.

Ojú rẹ̀ mú láti mọ ẹni tó lè wakọ̀. Ní 1964, ẹni tó ń darí pápá eré Goodwood sọ fún un nípa ọ̀dọ́kùnrin kan láti Scotland. Ken pè é wá dán ọkọ̀ Formula 3 wò. Bruce McLaren, tó ti borí nínú eré Formula 1 nígbà náà, ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà kí wọ́n lè ní ohun tí wọ́n á fi díwọ̀n. Ọmọ Scotland wọlé, kò pẹ́ tó fi yá ju McLaren lọ. McLaren padà wọnú ọkọ̀, ó tún àkókò tirẹ̀ ṣe. Ọmọ Scotland tún wọlé, ó tún yá jù ú lọ. Jackie Stewart ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ wọ Formula 1 ní 1968. Ara ọkọ̀ jẹ́ ti Matra láti ilẹ̀ Faransé, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ Ford Cosworth. Ní 1969 Stewart di ọ̀gá awakọ̀ lágbàáyé. Lẹ́yìn náà Matra fẹ́ kí wọ́n máa lo ẹ́ńjìnì tiwọn, Ken kò gbà, ó ra ọkọ̀ March fún 1970, ọkọ̀ náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbà Derek Gardner níṣẹ́ pé kó ya ọkọ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ni ayé tó mọ̀ pé oníṣòwò pákó ti kan ọkọ̀ Formula 1 tirẹ̀. Nígbà tí 1971 fi máa parí, Stewart ti tún gba ife-ẹ̀yẹ awakọ̀, ẹgbẹ́ Tyrrell sì gba ti àwọn tó ń kan ọkọ̀.

1973 ló yẹ kó jẹ́ ọdún ayọ̀ jù lọ. Stewart gba ife-ẹ̀yẹ kẹta, ó sì ti pinnu láti fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn eré tó kẹ́yìn ọdún náà, èyí tí ì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún rẹ̀. François Cevert, ọmọ Faransé tí wọ́n ti tọ́ láti rọ́pò rẹ̀, ni ọkọ̀ rẹ̀ forí gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ken kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nínú eré náà. Stewart kò sá ọgọ́rùn-ún mọ́. Ìyẹn ni ẹ ó fi mọ̀ pé nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ òfin ìwúwo ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọkọ̀ tí a bá gé lára rẹ̀ jù, ènìyàn ló ń jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Tyrrell nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, P34, tí taya mẹ́rin kéékèèké wà níwájú rẹ̀ kí imú ọkọ̀ lè bò wọ́n lọ́wọ́ atẹ́gùn. Ó gba ipò kìn-ín-ní àti ìkejì ní Sweden ní 1976. Ọkọ̀ náà wù mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wá sọ.

Òjé ni mo wá sọ.

Mo kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni òjé ń wá nínú ọkọ̀ eré, níbi tí gbogbo ayé ti ń fẹ́ kí nǹkan fúyẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òfin fi ìwúwo kan lélẹ̀ tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ara ọkọ̀ di bébà nítorí ìyára. Ẹlẹ́rọ tó bá gbọ́n á wá ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ kó fúyẹ́ ju iye yẹn lọ, á sì fi irin dí ohun tó kù. Èrè wo ló wà níbẹ̀? Èrè ibẹ̀ ni pé ìwúwo tó wà lára ẹ́ńjìnì, ibi tí ẹ́ńjìnì bá wà ló máa wà. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó o fi ọwọ́ ara rẹ kún un, ibi tó bá wù ọ́ lo máa gbé e sí. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu bọ̀ láti Bode Saadu. Iṣu tí wọ́n kó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ ọkọ̀ àti iye iṣu kan náà tí wọ́n tò dé òkè tente, ìwúwo wọn dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí wọn níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́rí. Bó ṣe rí fún ọkọ̀ eré nìyẹn. Ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù. Tó o bá sún un díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, o ti yí bí taya ṣe ń di ilẹ̀ mú padà. Àfikún ìwúwo yìí ni wọ́n ń pè ní ballast.

Àyè inú ọkọ̀ eré kò wá pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé irin tó ki jù lọ ni wọ́n ń wá. Ẹ gba kílò 63, torí iye yẹn máa tó wúlò fún wa. Tó bá jẹ́ omi, jẹ́ríkáànì lítà 25 méjì kò lè gbà á tán. Tó bá jẹ́ irin lásán, nǹkan bíi lítà 8 ni. Òjé á gba lítà 5 àti ààbọ̀. Tungsten kò ní ju lítà 3 àti díẹ̀ lọ, ìyẹn kò tó kẹ́ẹ̀gì epo pupa kékeré. Tungsten yìí ni ẹgbẹ́ tó lówó ń lò lóde òní: wọ́n á gé e bíi wàláà, wọ́n á sì dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Wúrà kì náà bíi tungsten, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí akápò tó máa fọwọ́ sí i. Boeing 747 ìgbà àtijọ́ tilẹ̀ máa ń gbé yuréníọ̀mù tí wọ́n ti yọ agbára rẹ̀ sínú ìrù fún irú iṣẹ́ yìí kan náà. Òjé ni tálákà ń lò, Ken Tyrrell sì ti di tálákà nígbà tí à ń sọ yìí.

Àwa Yorùbá mọ òjé kí ẹnikẹ́ni tó kan mọ́tò. Òun ni àwọn olóòṣà ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, àwọn àgbà sì máa ń pòwe pé òjé ti bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òfin Formula 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òwe yẹn mu: àfikún ìwúwo gbọ́dọ̀ le mọ́ ara ọkọ̀ débi pé irinṣẹ́ nìkan ló lè tú u. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Báwo ni Ken ṣe di tálákà? Tọ́bò ni. Renault ló gbé e wọ Formula 1 ní 1977, nígbà tó sì fi di 1984, gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ló ti bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn fún ẹ́ńjìnì tọ́bò. Tyrrell nìkan ló ṣẹ́ kù pẹ̀lú Cosworth tí kò ní tọ́bò. Ẹ́ńjìnì náà kò lágbára tó ti àwọn yòókù rárá. Michele Alboreto ti fi í borí ní Detroit ní 1983, ìyẹn sì ni ìṣẹ́gun ìkẹyìn fún ìdílé ẹ́ńjìnì yẹn àti fún ẹgbẹ́ Tyrrell fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ken gba ọ̀dọ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ dáadáa, Martin Brundle láti England àti Stefan Bellof láti Jámánì. Ohun tí wọ́n ní kò ju pé ọkọ̀ wọn kò jẹ epo púpọ̀, ó sì fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí Ken kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ. Ní 1982, àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní tọ́bò gbé táǹkì omi sínú ọkọ̀, wọ́n ní wọ́n fi ń tu bírékì lára. Omi náà á ti dà sójú ọ̀nà tán kí eré tó wọra, ọkọ̀ á sì máa sáré lọ ní fúfúyẹ́. Tí eré bá parí, wọ́n á rọ omi padà kí wọ́n tó gun òṣùwọ̀n, torí òfin gbà kí a dá omi àti ọ́ìlì padà. Wọ́n gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Nelson Piquet àti ìkejì lọ́wọ́ Keke Rosberg ní Brazil lọ́dún yẹn nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo pa fóònù mi dé fúngbà díẹ̀. Pure water wa nìyẹn! Àwọn kan ti ro ó kí wọ́n tó bí wa.

Ní 1984, kílò 540 ni ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Ọkọ̀ Tyrrell ní táǹkì omi kan tí wọ́n ní ó wà fún fífín omi sínú ẹ́ńjìnì. Tí eré bá ti ń lọ sópin, ọkọ̀ á yà wọlé, àwọn mẹkáníìkì á sì fi agbára ẹ̀rọ fún omi sínú táǹkì náà, omi tó ní ọta òjé wẹ́wẹ́ nínú, tí òjé yẹn tó nǹkan bíi kílò 63. Ìfúnpọ̀ náà le débi pé ọta òjé máa ń ta jáde lójú ihò atẹ́gùn táǹkì, á sì máa rọ̀ bí yìnyín sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí àwọn ìyẹn á sì mú ìgbálẹ̀ gbá a kí awakọ̀ tiwọn tó wọlé. Mo gbìyànjú láti ro ọkùnrin ẹni 60 ọdún tó dúró níbẹ̀ tó ń wo èyí, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n káàánú.

Ọkọ̀ náà wá ń ṣe dáadáa. Brundle gba ipò karùn-ún nínú eré àkọ́kọ́ tó sá. Ní Monaco, nínú òjò ńlá tí wọ́n fi dá eré dúró, Bellof gba ipò kẹta lẹ́yìn Alain Prost àti Ayrton Senna, òun nìkan ló sì wakọ̀ tí kò ní tọ́bò nínú gbogbo wọn. Ní Detroit ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, Brundle lé Piquet títí, ó gba ipò kejì, ohun tó wà láàárín wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wọ́n bu omi nínú táǹkì lẹ́yìn eré náà. FISA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé nígbà náà, sọ pé àwọn rí èròjà epo nínú omi àti òjé nínú táǹkì. Ẹ̀sùn wọn ni pé Tyrrell rọ epo kún epo láàárín eré, èyí tí òfin kọ̀. Pé àfikún ìwúwo kò dúró sójú kan. Pé ihò wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí òfin ti ní kó tẹ́. Ken kò sẹ́ òjé. Àlàyé rẹ̀ ni pé inú táǹkì ni òjé wà, pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa kó o jáde láìlo irinṣẹ́, nítorí náà ó bá òfin mu. Òjé ti bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tó gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ, ó hàn pé èròjà epo inú omi náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọkọ̀ tí irú ìyẹn lè fi kún eré rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò dá a láre. Wọ́n yọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje gbogbo ọdún 1984, wọ́n pa gbogbo máàkì rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ sá eré mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀, Brundle ti fọ́ ẹsẹ̀ ní Dallas.

Èrò tèmi rèé. Òjé inú táǹkì kò dáa. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju òfin lọ fún ọ̀pọ̀ ìyípo, tí wọ́n wá sọ di ẹlẹ́rù ní ìparí kó lè gun òṣùwọ̀n, ẹ̀tàn ni, bó ti wù kí a fi ẹnu yí i. Òfin tó ní kí ìwúwo le mọ́ ara ọkọ̀ kò ní táǹkì omi lọ́kàn, Ken sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò bá ẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba. Piquet àti Rosberg pàdánù eré kan péré ní 1982. Tyrrell pàdánù ọdún kan odindi, pẹ̀lú owó ìrìn-àjò tí ẹgbẹ́ tó bá ní máàkì máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ òun ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́yìn aṣọ. Lọ́dún yẹn, lítà 220 ni epo tí ọkọ̀ kan lè lò nínú eré, òfin sì ti wà nílẹ̀ pé kó di 195 ní 1985. Tọ́bò ń mu epo bí ẹni mu kúnnú nínú ààwẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tọ́bò fẹ́ kó dúró sí 220, ṣùgbọ́n kí òfin tó lè yí padà, gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni kò gbà. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Tyrrell kúrò nínú ìdíje, ìbò rẹ̀ bá a lọ, lítà 220 sì dúró fún 1985. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé torí ìbò yẹn ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà bí wọ́n ṣe dá a, mi ò sí nínú yàrá wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n gbé ohun méjì sórí òṣùwọ̀n, kílò 63 òjé àti ìbò kan ṣoṣo yẹn, mo mọ èyí tí mo rò pé ó wúwo jù lójú àwọn tó jókòó síbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé òjé yẹn ló fún wọn láyè. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ni wọn ì bá fi mú un?

Lẹ́yìn 1984, nǹkan kò rí bákan náà mọ́. Tyrrell náà gba tọ́bò Renault ní 1985. Bellof kú ní Spa ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, nínú eré ọkọ̀ irú mìíràn tí kì í ṣe ti Tyrrell. Àgọ́ igi náà ṣì tan iná kan sí i ní 1990, nígbà tí ọkọ̀ 019 wọn gbé imú sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ló wò ó, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jean Alesi bá Senna fà á lọ́dún yẹn ní Phoenix, ó gba ipò kejì. Owó kò wọlé síbẹ̀. Ní ìparí 1997, Ken ta ẹgbẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ sìgá British American Tobacco. Ó yẹ kó wà pẹ̀lú wọn ní 1998, ọdún ìkẹyìn tí orúkọ rẹ̀ máa wà lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yan Ricardo Rosset tó ní onígbọ̀wọ́ dípò Jos Verstappen tí Ken rò pé ó mọ ọkọ̀ wà jù. Baba náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1970 dé ìgbà yẹn, ìgbà 23 ni ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti borí.

Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2001. Àrùn jẹjẹrẹ ni. Ẹni ọdún 77 ni. Àyè tó tà nínú ìdíje di BAR, BAR di Honda, Honda di Brawn tó gba ife-ẹ̀yẹ ní 2009, Brawn sì di Mercedes tí Lewis Hamilton wà fún títí di ìparí 2024. Tí ẹ bá ń wo eré wọn lórí fóònù ní Tanke tàbí Òkè-Odò, ìdí igi ibẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ọkọ̀ tiwa, èmi ni mo sọ fún àwọn yòókù pé a ò ní gbé pure water. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan ní ká lọ ra bátìrì àlòkù ká yọ òjé inú rẹ̀, Alhaji sì fi ohùn líle sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò ní yọ́ òjé nínú wọ́kíṣọ́ọ̀pù wọn. Wọ́n rán wa létí Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ti pa ju 400 ọmọdé lọ. Nítorí náà a ra irin pẹlẹbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù, a gé e sí kílò 19, a fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó. Ẹni tó dá àbá pure water ló mú sípánà tó fún wọn le. Ọkọ̀ náà kò fì ní kọ́nà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwa tí a ti ń bínú sí irin yẹn sì dákẹ́.

Ipò kẹta la gbà nínú ọkọ̀ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n tún gbé wa gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn eré, ọkọ̀ àti awakọ̀ fi kílò kan lé sí ti àárọ̀. Wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, wọ́n fi sípánà wo bóòtù wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò rí nǹkan kan. Awakọ̀ wa ló wá jẹ́wọ́ pé oòrùn mú òun, òun ti mu pure water méjì kí òun tó gun òṣùwọ̀n.